Èrò Ìkómọ Kì í Ṣe Ará Ilé

Ní Rayfield, ní ìlú Jos, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń mú kí àgbàlagbà fi aṣọ òtútù lé aṣọ òtútù láti oṣù Belu títí di oṣù Ṣẹrẹ, tí àwọn adágún omi tí àwọn awakùsà ayé àtijọ́ gbẹ́ sílẹ̀ sì ń dán yinrin láàárín ilé àti oko bí ẹni pé wọ́n tẹ́ dígí sí ìta gbangba, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gba iwájú rẹ̀ kọjá láìbìkítà, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé inú ọgbà rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gbé àwòrán wọ pálọ̀ wọn ti kọ́ iṣẹ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Tẹlifíṣọ̀n ti NTA ni mo ń wí. Ìlú tí ó gbà á lálejò kì í ṣe àjòjì sí iṣẹ́ náà. Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ ṣí amóhùnmáwòrán ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1974, Benue-Plateau Television ní Jos, èyí tí ó di NTA Jos lẹ́yìn náà, ni ó kọ́kọ́ fi àwòrán aláràbarà han ọmọ Nàìjíríà.

Nígbà tí mo fi ṣe àlejò ní àdúgbò náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí wọ́n gba yàrá lẹ́yìn ilé wa. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a jókòó yí iná èédú ká, wọn a máa sun àgbàdo, wọn a sì máa jiyàn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò ní eré kan nínú àpò tí yóò gbé jáde lọ́jọ́ kan, eré tí gbogbo ayé yóò pa iṣẹ́ tì wò. Ìyàn tí wọ́n máa ń jà, bí a bá yọ ariwo kúrò nínú rẹ̀, kò ju ọ̀kan ṣoṣo lọ: eré tuntun tí a fi owó gọbọi àti àìsùn òru ṣe, kí ni yóò sọ fún wa ní kùtùkùtù pé yóò dàgbà, tàbí pé àbíkú ni? Ìdáhùn tí ayé fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni iye òǹwòran, ìyẹn ìṣirò àwọn tí ó jókòó ti eré náà lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí à ń kà lórí ilẹ̀ ayé, láti orí owó dé orí ìbò, èmi kò rí èyí tí a máa ń ṣì kà tó o.

Ẹ wo ilé ìkómọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ojúlé kún, àdúgbò kún; ẹni tí ó mọ bàbá ọmọ wá, ẹni tí ó mọ ẹni tí ó mọ bàbá ọmọ wá, wọ́n tọ́ oyin wò, wọ́n tọ́ iyọ̀ wò, wọ́n sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n jẹun, wọ́n sì gbé àjẹkù oúnjẹ lọ sílé. Bí ọmọ náà bá wá ń gbóná ní òru oṣù kẹta, tí ìyá rẹ̀ ké gbàjarè, àwọn tí ó gbé àtùpà jáde ni ará ilé. Iye òǹwòran ọ̀sẹ̀ kìíní, èrò ìkómọ ni.

Kí a tó ya ará ilé sọ́tọ̀ kúrò lára èrò ìkómọ, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ka òǹwòran. Kò sí ẹni tí ó lè kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé ní òru ọjọ́ kan láti béèrè ohun tí wọ́n ń wò. Ohun tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń ṣe kò yàtọ̀ sí ohun tí ọlọ́jà ń ṣe nígbà tí ó bá fẹ́ ra àpò pòtétò ní Jos, ìlú tí pòtétò rẹ̀ ń bọ́ ilẹ̀ wa. Bí wọ́n bá gbé àpò kalẹ̀ níwájú rẹ̀, tí ó rí àwọn ràbàtà-ràbàtà tí wọ́n tò sí ẹnu àpò, kò ní tìtorí ìyẹn tú owó. Yóò ti ọwọ́ bọ àárín, yóò tì í bọ ìdí, yóò tú ẹ̀gbẹ́ kan wò, nítorí ó mọ̀ pé ẹnu àpò ni ẹni tí ń tajà ti máa ń ṣe ẹ̀ṣọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ń ka òǹwòran ṣe gbọ́dọ̀ mú ilé díẹ̀ láàárín ìlú, díẹ̀ ní ìgbèríko, díẹ̀ nínú àwọn olówó, díẹ̀ nínú àwọn tí ń fi ọwọ́ lé ikùn sùn, kí àwọn díẹ̀ náà lè ṣojú ọ̀pọ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnu àpò nìkan ni ó tọ́ wò, ìyẹn àwọn ilé tí ó sún mọ́ títì, tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n sì gbọ́ èdè tí ó ń sọ, ìṣirò rẹ̀ yóò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò jẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, Arthur C. Nielsen, tí ó dá ilé iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1923, ni ó sọ ìṣirò yìí di òwò ńlá. Ní 1936 ó gba ẹ̀rọ kan lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ méjì ní yunifásítì MIT, ẹ̀rọ tí a ń so mọ́ rédíò nínú ilé, tí ó ń fi àmì sílẹ̀ nípa ìgbà tí wọ́n tan rédíò náà àti ibi tí wọ́n yí i sí. Nígbà tí ó fi máa di 1950, ó ti gbé irú iṣẹ́ náà dé orí tẹlifíṣọ̀n. Àbùkù kan ni ó wà lára ẹ̀rọ yìí: ó mọ ohun tí ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, kò mọ ẹni tí ó wà lórí àga. Nítorí náà ni wọ́n fi ń pín ìwé pélébé fún àwọn ilé mìíràn kí wọ́n máa kọ ohun tí wọ́n wò sínú rẹ̀, títí di ọdún 1987 tí wọ́n gbé ẹ̀rọ mìíràn wọlé, èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní bọ́tìnì tirẹ̀ lórí rẹ̀, tí yóò tẹ̀ nígbà tí ó bá jókòó, tí yóò sì tún tẹ̀ nígbà tí ó bá dìde. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ BARB ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà láti 1981, ó sì pẹ́ tí ilé tí kò fi bẹ́ẹ̀ ju 5,000 lọ fi ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Oríṣi iye méjì ni ó ń jáde láti inú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ yóò pa ọmọ tí ó yẹ kí ó yè. Ẹ jẹ́ kí a mú ilé 100 tí ó ní tẹlifíṣọ̀n. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, 60 nínú wọn tan tiwọn, 15 nínú àwọn 60 náà sì ń wo eré wa. Bí a bá fi 15 wé gbogbo ilé, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ní. Bí a bá fi wé àwọn tí ó tan tẹlifíṣọ̀n nìkan, ìdá 25 ni. Ẹ wá jẹ́ kí wọ́n gbé eré kan náà lọ sí aago mọ́kànlá òru, nígbà tí ilé 20 péré ṣì jí, tí 5 nínú wọn sì ń wò ó. Iye àkọ́kọ́ ti já láti 15 sí 5, ọ̀gá tí kò mọ̀ yóò sì pariwo pé eré ti kú. Ṣùgbọ́n iye kejì ṣì dúró sí 25 gbọnin-gbọnin, ó ń sọ pé nínú àwọn tí oorun kò tíì gbé lọ, ẹnì kan nínú mẹ́rin-mẹ́rin ni ó yan eré yìí. Àìsàn kò ṣe eré náà. Ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni kò dára.

Ìṣòro mìíràn wà tí àwọn ọlọ́jà òǹkà kì í fẹ́ kí a sọ sókè. Bí ilé tí a bi léèrè bá jẹ́ 1,000, tí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì sọ pé àwọn wo eré kan, òtítọ́ tí ó wà ní ìlú lè jẹ́ 8, ó lè jẹ́ 12, kò sì sí ẹni tí yóò mọ̀. Bí a bá fẹ́ dín àlàfo yìí kù sí ìdajì, ilé tí a óò bi léèrè gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́rin, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ àwọn tí ń béèrè yóò sì di ìlọ́po mẹ́rin pẹ̀lú. Síbẹ̀, mo ti rí àgbàlagbà ọkùnrin tí ó ń jó nínú ọ́fíìsì nítorí pé ètò tirẹ̀ ní 11, ti elòmíràn sì ní 10.

Mo rí bí ìwé pélébé náà ṣe ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ojú ara mi, ní Rayfield níbẹ̀. Ìyá onílé wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó ti ń ta aṣọ ní Jos kí wọ́n tó bí mi, gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ilé iṣẹ́ ìwádìí kan rán wá. Ojú ewé kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọjọ́ kan, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 15, orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n sì wà lókè tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, kí ènìyàn ṣáà máa fa àmì sí ibi tí ó bá yẹ. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ìwé yìí fi wà lórí fíríìjì lábẹ́ agolo mílíìkì, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí i. Ọjọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà padà wá gbà á ni Màmá wá awò ojú wọn, tí wọ́n ní kí n jókòó kí n bá àwọn fa àmì náà.

“Ọjọ́ Ajé,” ni Màmá wí, “ìròyìn aago mẹ́sàn-án. Fà á.”

Mo fà á.

“Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìròyìn aago mẹ́sàn-án.”

“Màmá, kò sí iná lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lọ ra àbẹ́là wá.”

Wọ́n wò mí láti òkè awò ojú. “Ṣé bí iná bá wà, n ò ní wò ó ni? Fà á, ọmọ mi.”

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ilẹ̀. Mo fà á.

Bí a ṣe ń bọ̀ nìyẹn títí a fi dé ọjọ́ Ẹtì. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn, eré tuntun kan bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ni a sì jọ wò ó ní pálọ̀. Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fi etí ìborùn nu omi ojú. Mo rán wọn létí. “Ẹn, ẹn, èyí tí bàbá yẹn ti ń ti ọkọ̀ tí ọkọ̀ kò ṣí,” ni wọ́n wí, “kí ni wọ́n ń pè é?” N kò mọ̀. “Orí ilé iṣẹ́ wo ni?” Ọmọ-ọmọ wọn ni ó di rimóòtù mú lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì ti lọ sí ilé ìwé. “Aago mélòó ni?” Kò sí ẹni tí ó wo aago. Màmá bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀. “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ni wọ́n wí. “N ò fẹ́ purọ́.”

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Ìròyìn tí Màmá kò wò gba àmì, eré tí wọ́n wò tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín kò gbà, obìnrin náà kò sì ní ẹ̀tàn kankan nínú. Ohun tí ìwé pélébé ń kà kì í ṣe ohun tí ojú rí, ohun tí ọkàn rántí ni, ọkàn ọmọ ènìyàn sì máa ń rántí ohun tí ó ti mọ́ ọn lára kí ó tó rántí àlejò. Ètò tí ó ti pẹ́ ní orúkọ, ó ní ọjọ́, ó ní aago, kódà nígbà tí iná kò sí, ó ṣì ń jẹ owó oṣù lórí ìwé. Eré tuntun kò tíì ní orúkọ lẹ́nu ènìyàn. Nítorí náà, níbikíbi tí a bá ti ń fi ìrántí ka òǹwòran, ìbáà ṣe nínú ìwé, ìbáà ṣe bí ilé iṣẹ́ ìwádìí GeoPoll ṣe ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ béèrè lórí fóònù, kí a mọ̀ pé òṣùwọ̀n náà ti tẹ̀ sí ọ̀dọ̀ àgbà kí a tó gbé ọmọdé lé e. Òṣùwọ̀n a máa yára gbọ́ nípa eré tí a fi ìpolówó kéde orúkọ rẹ̀ káàkiri. A sì máa pẹ́ kí ó tó gbọ́ nípa èyí tí kò ní owó ìkéde.

Bí ó bá wá jẹ́ èmi ni wọ́n gbé ìwé ìṣirò fún pé kí n sọ bóyá eré tuntun yóò yè, ojú èrò ìkómọ ni n óò fi wo ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọ̀sẹ̀ kejì yóò já wálẹ̀, bóyá ni a fi lè rí eré tí kì í ṣẹlẹ̀ sí. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ni ojú ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé eré kan bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14, ó bọ́ sí 10, ó dúró sí 10, ó tún dúró sí 10. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé òmíràn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 18, ó di 13, ó di 9, ó di 6. Bí a bá ro ọ̀sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, 46 ni ti èkejì, 44 ni ti àkọ́kọ́, ẹni tí ó bá sì ń ro ó pọ̀ báyìí yóò fi owó rẹ̀ sórí òkú. Eré àkọ́kọ́ ti rí ará ilé rẹ̀. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àtùpà. Eré kejì ṣì ń sin èrò ìkómọ rẹ̀ sọ́nà.

Mo sì máa ń wo inú eré náà fúnra rẹ̀, ìṣẹ́jú 15 sí ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò wá jẹun nílé wa lè jẹ́ pé kò gbọ́ pé a se oúnjẹ ni. Ẹni tí ó wá, tí ó jẹ òkèlè mẹ́ta, tí ó fọ ọwọ́, òun ni ó ti sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀. Eré tí òǹwòran rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n sì pọ̀ sí i kí ó tó parí dára ju èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ogunlọ́gọ̀ tí wọ́n ń yọ́ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun kẹta ni ogún. Bí wọ́n bá gbé eré tuntun sí ẹ̀yìn ètò tí gbogbo ayé fẹ́ràn, ọ̀pọ̀ yóò jókòó síbẹ̀ nítorí pé wọn kò tíì dìde. Òjò tí ó rọ̀ ni ó kó ẹyẹlé pọ̀ mọ́ adìẹ. Bí òjò bá dá, ẹyẹlé a gba orí òrùlé lọ. Nítorí náà kí a má ṣe béèrè pé ènìyàn mélòó ni ó wo eré tuntun, kí a béèrè pé nínú ogún tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́, mélòó ni ó kù. Àpẹẹrẹ kan wà tí ó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 23 oṣù Owéwe ọdún 2019, ilé iṣẹ́ CBS ní Amẹ́ríkà gbé eré apanilẹ́rìn-ín kan jáde tí ó ń jẹ́ Bob Hearts Abishola, nípa ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí ń ta ìbọ̀sẹ̀ ní Detroit àti nọ́ọ̀sì ọmọ Nàìjíríà tí ó kó sí i lọ́kàn. Folake Olowofoyeku ni ó ṣe Abíṣọ́lá, Gina Yashere sì wà lára àwọn tí ó dá eré náà sílẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ìdílé Yorùbá ń jà, wọ́n ń bẹ ara wọn, wọ́n sì ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn ní èdè Yorùbá, ní alẹ́ ọjọ́ Ajé, nínú pálọ̀ àwọn òyìnbó. Wọ́n gbé e sẹ́yìn eré mìíràn tí ó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, The Neighborhood, ogún tí ó dára ni, eré náà sì tọ́jú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti ń dàgbà, owó oṣù àwọn òṣèré rẹ̀ a máa gòkè, iye òǹwòran a sì máa sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn méjèèjì a sì pàdé níbì kan. Nígbà tí ó di ọdún karùn-ún, nínú gbogbo òṣèré pàtàkì, àwọn méjì péré, Billy Gardell àti Folake Olowofoyeku, ni wọ́n fi sílẹ̀ ní ipò olóṣù. Àwọn yòókù di ẹni tí a ń ránṣẹ́ pè. Ní oṣù Èbìbí 2024 eré náà parí. Ọdún márùn-ún, fún eré tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti ń sọ “ẹ pẹ̀lẹ́ o” lójú afẹ́fẹ́ Amẹ́ríkà, ó tó ohun tí a lè fi yangàn.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè. Àwọn onítẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo mọ̀ tí ń fi ojú olójú ṣòwò tí wọ́n sì ń jèrè, nítorí ojú òǹwòran gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà fún onípolówó. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ohun tí òǹwòran lásán rò. Ní 1971, CBS yìí kan náà gbá ọ̀pọ̀ eré dànù lẹ́ẹ̀kan náà, Green Acres, The Beverly Hillbillies, Hee Haw, tí àwọn ènìyàn ṣì ń wò púpọ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wọn kò ju pé àwọn ará oko àti àgbàlagbà ni ó pọ̀ nínú àwọn tí ń wò wọ́n, onípolówó sì ń wá ọ̀dọ́ ìgboro tí owó ń jó lọ́wọ́. Ní ìdàkejì, nígbà tí eré Cheers bẹ̀rẹ̀ lórí NBC, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà mìíràn, ní oṣù Owéwe 1982, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìdí gbogbo ètò ọ̀sẹ̀ náà ni ó wà; àwọn ọ̀gá NBC rí i pé àwọn díẹ̀ tí ó wá kò lọ, wọ́n sì dúró tì í. Onísùúrù ní í fún wàrà kìnnìún. Ọdún 11 ni wọ́n fi fún un.

Nílé wa ńkọ́? Nílé wa, fún ìgbà pípẹ́, kò sí ẹ̀rọ tí ń kà, bẹ́ẹ̀ ni eré ń bẹ, eré sì ń kú. The Village Headmaster tí Ṣẹ́gun Olúṣọlá dá sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1968, ó sì wà títí di 1988. Ogún ọdún, láìsí ẹ̀rọ kan tí a so mọ́ ògiri ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà òǹwòran ni wọ́n ń kà nígbà náà, etí ọjà ni wọ́n sì ń gbọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ìgbà tí Oyin Adéjọbí ń ṣe Kóòtù Aṣípa mọ bí ilé onítẹlifíṣọ̀n kan ṣoṣo ní àdúgbò ṣe máa ń rí, tí àwọn ọmọdé jókòó sí ilẹ̀, tí àgbà wà lórí àga, tí àwọn tí kò rí àyè wọlé sì na ọrùn lójú fèrèsé. Ojú fèrèsé náà ni ìṣirò wa. N kò sì fi ṣẹ̀sín; ẹni tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ fún wákàtí kan nínú ẹ̀fọn láti wo eré, mo gbà á gbọ́ ju ẹni tí ó tẹ bọ́tìnì lọ.

Ṣùgbọ́n owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Nígbà tí ó di pé ẹni tí ó ṣe eré fúnra rẹ̀ ni yóò san owó kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó fún un ní ààyè, tí yóò sì lọ wá onígbọ̀wọ́ tí yóò bá a ru ẹrù náà, ẹ̀mí eré bọ́ sí ọwọ́ onígbọ̀wọ́. Báǹkì UBA ni ó gbé owó kalẹ̀ fún eré Cockcrow at Dawn, tí Peter Igho darí, ní àkókò tí ìjọba ń ké sí ènìyàn láti padà sí oko. Ohun tí báǹkì ń rà níbẹ̀ ju iye ojú lọ, ó ń ra orúkọ rere lọ́dọ̀ ìlú àti ìjọba. Ọ̀sẹ̀ 13 ni ọ̀pọ̀ àdéhùn bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́, ìdá kan nínú mẹ́rin ọdún, kí ó sì tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, onígbọ̀wọ́ ti pinnu bóyá òun yóò tún owó san. Ẹ kíyè sí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá náà, bí a kò bá ní òṣùwọ̀n tí a fọkàn tán, ohun tí yóò bá onígbọ̀wọ́ sọ̀rọ̀ ni ohun tí aya rẹ̀ wí, ohun tí awakọ̀ rẹ̀ wí, àti bóyá owó ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó lọ́dún náà. Èyí ni ó fi jẹ́ pé eré tí gbogbo ọjà ń kọ orin rẹ̀ lè dákẹ́ lójijì láìsí àìsàn, láìsí pé òǹwòran kan dín. Ọ̀gá tuntun ni ó gorí oyè ní ilé iṣẹ́ onígbọ̀wọ́, bọ́ọ̀lù ni òun sì fẹ́ràn. Irú ikú yìí kò sí nínú ìwé ìṣirò kankan.

Àìsí òṣùwọ̀n tí a fọkàn tán yìí kì í ṣe ohun tí ìjọba kò mọ̀. Ní ìparí ọdún 2019, Lai Mohammed, tí ó jẹ́ mínísítà ìròyìn nígbà náà, gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti ṣètò ìṣirò òǹwòran tí gbogbo ilẹ̀ yóò lè fọkàn tán, nítorí onípolówó tí kò mọ ohun tí ó ń rà kì í na owó tí ó tó. Jos sì ti wà nínú ìtàn yìí kí ìgbìmọ̀ tó jókòó. Ọjọ́ 30 oṣù Igbe ọdún 2016 ni wọ́n fi ìlú náà ṣe àkọ́ṣe ètò tẹlifíṣọ̀n dígítà ní Nàìjíríà, kí ó tó kan Abuja ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún kan náà, dékódà kékeré sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n nínú ọ̀pọ̀ pálọ̀. Irú dékódà bẹ́ẹ̀ méjì ni ó wà. Èyí tí ó ń gba àwòrán nìkan dà bí ẹni tí ó ní etí tí kò ní ẹnu. Èyí tí wọ́n bá so mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí fóònù lè ròyìn padà, ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, ohun tí ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n. Kò ní gbàgbé orúkọ eré tuntun, kò ní sọ pé òun wo ìròyìn nígbà tí iná kò sí. Fún eré tuntun, irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí kò mọ àgbà yàtọ̀ sí ọmọdé.

Mo padà lọ kí Màmá ní Rayfield ní ọ̀kan nínú àwọn ọyẹ́ tí ó tẹ̀lé e. Iná pupa dékódà ń tàn lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Eré tuntun kan ń lọ lọ́wọ́, ọ̀sẹ̀ kẹta rẹ̀ ni, bí àwọn ọmọ ti sọ fún mi. Àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ wà nínú yàrá, fóònù ni wọ́n tẹjú mọ́. Nínú pálọ̀, Màmá nìkan ni ó kù, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orúnkún, orí wọn ti sọ̀ sí èjìká, ìhanrun wọn sì ń lọ sókè-sódò pẹ̀lú orin eré náà. Mo jókòó fún ìgbà díẹ̀. Ìpolówó ọṣẹ kan wá, ó lọ. Ti mílíìkì wá, ó lọ. Mo rora dìde, mo mú rimóòtù láti orí apá àga, mo nà án sí tẹlifíṣọ̀n.

“Má pa á,” ni Màmá wí láìla ojú. “Mo ń wò ó.”